Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ooru Kí N Lè Pa Agbooru-jẹ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kó ìwé lé itan wọ̀nyí, ẹ pa ìwé dé ná, kí ẹ fetí sí ẹni tó ti jìyà ohun tí ẹ ń kà. Olùkọ́ yín kò tíì dé, oòrùn ti mú, abẹ́ igi fúrúùtù yìí sì tutù. Ẹ sún mọ́ mi. Mo ń gbọ́ yín láti àárọ̀. Ẹ ní kẹ́mísírì tó jẹ mọ́ ooru àti agbára yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ yín di wèrè, ẹ ní ta ni yóò fi jẹun. Ẹ rò pé nítorí pé èmi ni mò ń ṣọ́ láàbù yín, tí mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, n kò mọ̀ ju kí n lé ewúrẹ́ lọ. Ó dára. Ọdẹ́níran ni orúkọ mi. Kí wọ́n tó bí bàbá àwọn kan nínú yín ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tán, ọdún mẹ́rin gbáko, lọ́dọ̀ àwọn iwin, nínú igbó tí ẹyẹ kì í fò kọjá lórí rẹ̀. N kò kọ́ ọ nítorí ìwé-ẹ̀rí. Mo kọ́ ọ kí n lè pa ẹnìkan.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti dákẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ti ìṣẹ́, tó ro ti ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi yóò fún yín jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ yóò dìde kúrò níwájú mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní, Ọdẹ́wùmí. Òun ló kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà lórí àpáta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀, ó lọ yẹ pańpẹ́ rẹ̀ wò, kò sì padà. Ìdí igi ayan ni a ti bá a. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ sì tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ipa ìka márùn-ún wà ní àyà rẹ̀, funfun bí eérú. Kò sí ọdẹ kan lágbègbè wa tí kò mọ ọwọ́ tó ní ipa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Agbooru-jẹ ni, ọ̀dájú iwin tó ń gbé Àfonífojì Yìnyín, tí kì í jẹ iṣu, tí kì í jẹ ẹran, àfi ooru ara ènìyàn.

A gbé ẹ̀gbọ́n mi wálé. Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, dáná sí ìhà orí rẹ̀, ó dáná sí ìhà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi òrí pa á lára láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Iná jó, ara kò yá. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kọjú sí mi, ó pè mí ní orúkọ tó fún mi lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ.

"Adúmáadán," ó ní, "kí ló dé tí ẹ jókòó ti iná bí ẹni tó ń yan àgbàdo? Ẹ lọ gba ooru ọkọ mi wá fún mi. Kí ẹ sì pa ẹni tó jẹ ẹ́. Méjèèjì ni mo fẹ́ o, n kò fẹ́ ọ̀kan."

Mo ní, "Méjèèjì ni wàá rí, ìyàwó wa." Mo búra, mo fi ẹnu kan irin ìbọn mi.

Mo kọ́kọ́ lọ bí òmùgọ̀. Mo dé Àfonífojì Yìnyín, mo bá Agbooru-jẹ lórí àpáta rẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ rí bí omi tó ti dì, ikùn rẹ̀ nìkan ló yọ gbẹ̀ǹdù. Mo yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀meje. Ó la ẹnu, ó fa ooru inú ọta náà mu kí wọ́n tó dé ara rẹ̀, wọ́n sì ń já bọ́ sílẹ̀ bí èkùrọ́. Ó ní, "Ọdẹ, o ṣeun. Oúnjẹ àárọ̀ ti dé." Ó na ọwọ́, ó kan ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi báyìí. Ẹ wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má bẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà kò gbóná mọ́. Mo sì sá. Kí ni ẹ ń wò? Ọdẹ tó bá ní òun kò sá rí, irọ́ ló ń pa, àbí ó ti kú.

Eré yẹn ló gbé mi dé ẹnubodè Ìlú Ìwọ̀n. Oníbodè ìlú náà ní ọrùn dígí, tóóró bí ìgò lọ́fínńdà, ẹ̀jẹ̀ pupa kan sì ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, tí mo ròyìn ẹ̀gbọ́n mi fún un, ẹ̀jẹ̀ náà gòkè dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ yìí gbóná fún ìbínú. Kí ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Mo ní, "Òtútù ló mú un."

Ó gbá mi létí, mo rí ìràwọ̀. Ó ní, "Òtútù kò lọ́wọ́ tí yóò fi mú ẹnikẹ́ni. Kí ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Mo ronú, mo ní, "Òtútù wọ inú ara rẹ̀." Ó gbá mi ní ìkejì, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òtútù mú mi, òtútù wọ mí lára, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń wí i láti kékeré. Ta ni ó sọ fún wa pé irọ́ ni? Inú bí mi. Mo kígbe lé e lórí pé, "Kò sí òtútù kankan tó wọlé! Ooru rẹ̀ ló jáde. Ó lọ sí ara ẹni tó tutù jù ú lọ!"

Oníbodè ní, "Ṣé ooru náà ti sọnù?"

Ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá ní ó ti sọnù, ẹ̀san nìkan ni ìbá kù fún mi láti wá. Mo ní, "Kò sọnù. Ó wà níkùn olè kan, èmi yóò sì gbà á." Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní ohun tí mo sọ yẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, pé àwọn iwin kan ń lo odidi sáà kí wọ́n tó lè sọ ọ́.

Báyìí ni mo di akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì àwọn iwin. Olùkọ́ wa ń jẹ́ Ìyá Rọra. Kò ga ju àga lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì falẹ̀ débi pé kí ó tó parí "ẹ káàárọ̀," ìwọ yóò ti jẹ ẹ̀kọ méjì. Àwọn iwin ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ọwọ́ mi le, wọ́n ní òórùn ẹ̀tù ń jáde lára mi. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń wọ̀n ní ìlú náà. Èmi sì ti mọ́ ọn lára láti fi ojú wọn ẹ̀tù, kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí n dà á sẹ́nu ìbọn, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo gba òdo nígbà mọ́kànlá. Òdo, ẹ̀yin ọmọ. Mo to ewé ìdánwò náà sábẹ́ ẹní mi. Láràárọ̀ tí àwọn yòókù bá ń gbàdúrà, èmi a máa wí pé, "Agbooru-jẹ, mò ń bọ̀." Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ní ọdún kejì, Ìyá Rọra ní ẹni tí kò bá tíì wọ inú ìkòkò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò. Ó fẹ́ ẹ̀tù funfun kan sí mi lójú, mo sì kéré títí tí eèrà fi di erin lójú mi. Ó jù mí sínú ìkòkò amọ̀ kan, ó fi ìdérí dé e. Háà! Ohun tí mo rí níbẹ̀! Ẹgbàágbèje àwọn ọmọ afẹ́fẹ́ ni, wọ́n rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń sáré, wọn kò kí ara wọn, wọn kò sinmi, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń kọlu ògiri, wọ́n sì ń kọlu èmi Ọdẹ́níran. Ìyá náà ti ìdérí wálẹ̀, ibẹ̀ há, ìlùkulù pọ̀ sí i. Ó dáná sábẹ́ ìkòkò, wọ́n bá ya wèrè. Mo di ọ̀kan mú, mo ní, "Ta ló ń lé yín? Kí ló dé tí ẹ kò lè rìn jẹ́jẹ́?"

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó ní, "Eré tí à ń sá yìí gan-an ni ẹ̀yin ará òde ń pè ní ooru. Ìwọ náà, sáré!"

Ìgbà náà ló yé mi. Eré tí ń bẹ nínú ara ẹ̀gbọ́n mi ti rọlẹ̀, ó ń sá kiri nínú ikùn ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n yọ mí jáde, ojú mi ti wú, eyín mi kan ti mì. Ìyá Rọra bi mí léèrè ohun tí mo kọ́. Mo ní, "Mo ti mọ ohun tó lè fọ́ ikùn láti inú."

Ó ní, "Ìbínú rẹ ń yára kọ́ ẹ̀kọ́ jù ọ́ lọ."

Ní ọdún kẹta, ó rán mi sí abúlé kan tó ní ẹnubodè méjì. Bí ẹni mẹ́wàá bá ti ń wọlé ní ìhín, ẹni mẹ́wàá ń jáde ní ọ̀hún, ojoojúmọ́, láìdúró. Mo fi agbára ti ogójì ènìyàn wọ inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò kún. Ẹnubodè kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ènìyàn dà nù títí tí nǹkan fi tún dọ́gba, èmi gan-an ni wọ́n sì pọ̀ dà nù kẹ́yìn, mo fi ẹnu gbálẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín níbí, mo yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ohun kan níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ibi tí ìhà méjì bá ti dọ́gba, ọ̀kan kò lè rẹ́ èkejì jẹ mọ́. Mo ń ronú nípa ọwọ́ Agbooru-jẹ nígbà tí mò ń tu iyanrìn jáde lẹ́nu mi.

Ọdún kẹrin ni ọdún iyanrìn. Ìyá Rọra gbé ìkòkò irin kan kalẹ̀, tó ní ìdérí tó lè gòkè tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀. Ooru ló wà nínú ìkòkò náà, iyanrìn ló sì tò jọ lórí ìdérí kí ó má baà ṣí. Ó fún mi ní ìyẹ́ àparò kan.

"Ọdẹ́níran," ó ní, "fi ìyẹ́ yìí gbá iyanrìn náà kúrò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá mú ẹyọ kan kúrò, ìdérí yóò gòkè díẹ̀, ooru inú rẹ̀ yóò sì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀ dópin, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ooru náà ni wàá rí gbà. Bí o bá gbá gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan, ìdérí á fò lọ, ariwo á sọ, ooru á fọ́n ká, ọwọ́ rẹ á sì ṣófo. Kò sọnù o. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́, láéláé."

Mo jókòó. Ọwọ́ ọdẹ nìyí, tí wọ́n ti kọ́ pé bí ẹran bá yọjú, kí ó yìn, kó má dúró kí ẹran máa wò ó. Mo gbá ẹyọ ọgọ́rùn-ún, sùúrù mi tán, mo fi ọwọ́ gbá ìyókù. Ìdérí fò, ó ṣá mi níwájú orí. Òdo. Mo tún un ṣe. Òdo. Ìyá Rọra ní, "Bí a bá fi sùúrù pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú ìfun." Ìgbà kẹta, láti ìdájí títí dé àṣálẹ́, mo gbá iyanrìn náà tán pẹ̀lú ìyẹ́ àparò, n kò mu omi, n kò na ẹsẹ̀. Ìyá náà dìde, ó wólẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ló wólẹ̀ fún nínú gbogbo àwọn tó kọ́. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bèèrè.

Ó fún mi ní ìkòkò irin náà, àti kèrègbè irin kan. Ó ní bí mo bá ti Agbooru-jẹ mọ́ inú ìkòkò, tí mo sì rọra gbá iyanrìn, ooru ẹni kọ̀ọ̀kan yóò jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo bá gbọ́ orúkọ Ọdẹ́wùmí, kí n gbà á sínú kèrègbè. Ó ní iwin náà fúnra rẹ̀ yóò kú nígbà tí ẹyọ iyanrìn ìkẹyìn bá kúrò. "Wàá rí ẹ̀san rẹ," ó ní, "ṣùgbọ́n òun ni kí o fi ṣe ìkẹyìn."

Mo padà sí Àfonífojì Yìnyín. Agbooru-jẹ rí mi, ó ní, "Oúnjẹ àárọ̀ ti padà wá." Mo ge igi ayan, mo to ó ní òkìtì méje yí àpáta rẹ̀ ká, mo sì tiná bọ gbogbo wọn. Alájẹkì! Ó jẹ òkìtì kìn-ín-ní, ó jẹ ìkejì, ó ń pọ́n ètè lá. Nígbà tó jẹ ìkeje tán, èéfín ń jáde ní etí rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná ṣe déédéé bí ara mi. Mo rìn lọ bá a, mo fi ọwọ́ lásán gbá a lọ́rùn mú. Ó di àyà mi mú láti fa ooru mi. Ó fà, ó fà, kò rí nǹkan kan fà, nítorí a ti dọ́gba. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń retí ojú yẹn. Mo ká a bí ẹní, mo rọ́ ọ sínú ìkòkò, mo ti ìdérí bọ̀ ọ́, mo sì da iyanrìn lé e.

Mo jókòó, mo yọ ìyẹ́ àparò. Mo gbá ẹyọ kan. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan kọjá létí mi, ó ní, "Awóyalé, ahunṣọ," ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Mo gbá òmíràn. "Ṣọlágbadé, ọmọ ọdún mẹ́fà." Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́ fún yín. Mo gbá ogójì ó lé kan, mo gbọ́ orúkọ ogójì ó lé kan.

Ìgbà náà ni Agbooru-jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Ó ti mọ̀ pé òun kú tán. Kí òun kú pẹ̀lú ẹrù òun ló kù tó ń wá. Ó ní, "Ọdẹ́níran, ṣé o fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ kẹ́yìn?"

Mo gbá ẹyọ kan. Obìnrin aláró kan kọjá.

Ó ní, "Ó kúnlẹ̀ fún mi ni. Ó ní kí n dá òun sí. Ó ní òun ní àbúrò kan nílé, ara rẹ̀ gbóná ju ti òun lọ, kí n jẹ́ kí òun lọ tàn án wá."

Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, irọ́ ni! Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ara rẹ̀ dí ẹ̀fọ̀n lọ́nà nítorí mi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sí irọ́ nígbà tó ń sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n sí irọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹnu tó jẹ ooru ẹ̀gbọ́n mi tún máa jẹ orúkọ rẹ̀, n kò lè gbà. Ojú mi ṣú. Mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta gbogbo iyanrìn náà dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdérí fò lọ sójú ọ̀run. Ariwo kan sọ tí àpáta fi là sí méjì. Agbooru-jẹ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó yọ́, ó di omi ẹlẹ́rẹ̀, mo sì tẹ omi náà mọ́lẹ̀, mo tutọ́ sí i, mo sun ìjálá lé e lórí títí ohùn mi fi há. Adùn rẹ̀ pọ̀! Ẹni tó bá ní ẹ̀san kò dùn kò tíì san án rí. Bí wọ́n bá jí i dìde lónìí, màá tún un pa.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí kèrègbè. Mo gbé e sókè, mo ń sáré kiri inú àfonífojì, mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ooru kọjá lára mi ní ìhín àti ní ọ̀hún, ó ń pe orúkọ ẹgbẹ̀rún ènìyàn papọ̀, bí ariwo ọjà láti òkèèrè. N kò lè mọ ti ẹnikẹ́ni yàtọ̀. Yìnyín tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé yọ́ díẹ̀. Igbó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Ó tán.

Mo délé. Ìbídùn ń pa òrí sí ọkọ rẹ̀ lára, bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rin, tó ń yí i padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Ó wo ojú mi, ó wo kèrègbè tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Adúmáadán, ṣé ẹ pa á?"

"Mo pa á, ìyàwó wa."

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Kò pẹ́."

Ó pòṣé. Ó ní, "Ìyẹn náà, ẹ kánjú."

Ó nu òrí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni èémí tó kù nínú ẹ̀gbọ́n mi dáwọ́ dúró. Gbogbo ilé ń sọ pé ojú ọjọ́ móoru díẹ̀ ju ti àná lọ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ tán, mo padà wọlé, mo dúró lójú ọ̀nà, n kò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe. Ìbídùn kò wò mí.

Ó ní, "Ẹ bá mi gbé wọn lẹ́sẹ̀, kí n gbé orí. Ẹ rọra o."